Ṣé ogun ló pa wọ́n ni, àbí ẹnìkan ló pa wọ́n? Bí àwọn olùwádìí ṣe mọ̀ ọ́n ní Srebrenica

Tí ogun bá ti jà níbì kan tó sì ti rọlẹ̀, gbogbo òkú tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń kà sí òkú ogun. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń yà wọ́n lẹ́nu tí wọ́n bá gbọ́ pé ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó ti gbó sẹ́nu iṣẹ́ tún padà sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó ń wá apànìyàn. Apànìyàn wo? Níbi tí ìbọn ti ń dún lọ́tùn-ún lósì, ta ló máa mọ ẹni tó yìn ín? Ẹ má rò pé ará ọjà nìkan ló ń béèrè bẹ́ẹ̀ o. Òun gan-an ni àwọn agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́, pé ojú ogun làwọn èèyàn náà kú sí.

Òfin ogun ti dáhùn èyí tipẹ́. Ọmọ ogun tó pa ọmọ ogun ọ̀tá lójú ìjà, tí onítọ̀hún náà gbé ìbọn lọ́wọ́, kò ṣẹ̀ sófin. Ṣùgbọ́n Àdéhùn Geneva ti ọdún 1949 sọ ọ́ kedere pé tí ẹni náà bá ti túúbá, tó ti ju ìbọn sílẹ̀, tó fara gbọgbẹ́ débi tí kò lè jà mọ́, tàbí tí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ogun rárá, ìpànìyàn ni pípa tí wọ́n bá pa á. Nítorí náà, ohun tí olùwádìí ní láti fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: ní wákàtí tí ọkùnrin yìí kú, ọwọ́ àwọn tó mú un ló wà. Gbólóhùn kékeré yẹn lè gba ogún ọdún.

Ọ̀ràn tó fi bí iṣẹ́ yìí ṣe rí hàn dáadáa ni ti Srebrenica, ìlú kékeré kan láàárín òkè ní ìlà-oòrùn Bosnia, tí kò jìnnà sí odò Drina tó pààlà pẹ̀lú Serbia, nígbà ogun Bosnia tó jà láti 1992 sí 1995. Ní oṣù kẹrin ọdún 1993, Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé ibi ààbò ni ìlú náà. Àwọn sójà Netherlands ló ń ṣọ́ ọ nígbà tí àwọn ọmọ ogun Serb ti Bosnia, tó ń bá ìjọba Bosnia jà, tí Ọ̀gágun Ratko Mladić sì jẹ́ olórí wọn, gbà á ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 1995. Wọ́n kó àwọn obìnrin, ọmọdé àti arúgbó sínú bọ́ọ̀sì ní Potočari, abúlé kan nítòsí ìlú náà, wọ́n sì ya àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀. Àwọn ọkùnrin mìíràn, láàárín 10,000 sí 15,000, ti gba inú igbó lọ sí apá Tuzla, ìlú tó wà lọ́wọ́ ìjọba Bosnia. Àwọn kan nínú wọn ní ìbọn, ọ̀pọ̀ ni kò ní. Àwọn Mùsùlùmí ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 8,000 ni àwọn ará ilé wọn kò rí mọ́ lẹ́yìn oṣù náà.

Ẹ fi ti àwọn tó gba inú igbó lọ yẹn sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn dúró lé. Wọ́n da ìbọn bo àwọn ọkùnrin náà lójú ọ̀nà, àwọn kan tẹ ohun abúgbàù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, àwọn kan jà padà. Ìyẹn ni pé lára àwọn òkú Srebrenica, àwọn tó kú sójú ìjà lóòótọ́ wà níbẹ̀. Olùwádìí tó bá ka gbogbo wọn pọ̀ bí ẹni tí wọ́n pa nípakúpa ti fún agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ní ẹ̀bùn ọ̀fẹ́.

Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ìwádìí náà ni Jean-René Ruez, ọ̀gá ọlọ́pàá ará Faransé. Ilé ẹjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ fún Yugoslavia tẹ́lẹ̀rí ló gbà á síṣẹ́, ó sì wà lẹ́nu ìwádìí yìí láti 1995 títí di 2001. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ pọ̀: ilé ẹjọ́ méjì ló wà ní ìlú Hague tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn. Èyí tí Ruez bá ṣiṣẹ́, èèyàn ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn níbẹ̀, lórúkọ. Èkejì, ìyẹn Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé, orílẹ̀-èdè ló ń pe orílẹ̀-èdè lẹ́jọ́ níbẹ̀. Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu Abẹ́òkúta, wà lára àwọn adájọ́ èkejì yìí ní ọdún 1993 nígbà tí Bosnia pe Yugoslavia lẹ́jọ́, tí àwọn adájọ́ náà sì pàṣẹ pé kí Yugoslavia ṣe gbogbo ohun tó bá lè ṣe kí ìpẹ̀yàrun má baà ṣẹlẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú Srebrenica nìyẹn. Ní ọdún 2007, ilé ẹjọ́ kan náà dájọ́ pé Serbia, tó rọ́pò Yugoslavia nínú ẹjọ́ náà, kùnà láti dènà ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wọ ẹ̀wọ̀n látàrí ìdájọ́ yẹn, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó yè

Kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó yè ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù keje 1995 yẹn kan náà ni Ruez ti dé Tuzla, tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó jáde láti inú igbó lẹ́nu wò. Ìwọ̀nba ọkùnrin díẹ̀ ló wà nínú wọn tí wọ́n ti tò síwájú ìbọn, tí òkú ẹlòmíràn ṣubú lé lórí, tí wọ́n sì rá jáde lóru.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà mọ orúkọ abúlé tí wọ́n gbé e lọ. Wọ́n ti dì í lójú, kò sì dé ibẹ̀ rí. Olùwádìí tó bá bi í pé "Ibo ni wọ́n gbé yín lọ?" máa gba ìdáhùn tí kò wúlò, ó sì lè jẹ́ orúkọ tí ọkùnrin náà gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn lẹ́yìn náà ni yóò dá. Ohun tó yẹ kó béèrè ni pé: báwo lẹ ṣe pẹ́ tó nínú ọkọ̀? Ọ̀nà ọ̀dà ni àbí ọ̀nà òkúta? Nínú ilé ìwé tí wọ́n kó yín sí, pákó lẹ jókòó lé ni àbí sìmẹ́ǹtì? Ẹ̀gbẹ́ wo ni fèrèsé wà? Ṣé ẹ gbọ́ ìró omi? Ṣé ẹ gbọ́ ìró katakata? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kì í ṣe eré. Ní Orahovac, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti pa wọ́n, àwọn tó yè sọ pé katakata ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń yìnbọn pa àwọn èèyàn. Ẹni tó bá ti gbé katakata wá kí pípa tó parí kò lè ní ìjà ló dé bá òun lójijì.

Nígbà tí ọ̀nà là lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà Dayton, tó parí ogun náà ní ìparí 1995, àwọn olùwádìí wọ inú ilẹ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1996, wọ́n mú àkọsílẹ̀ yẹn lọ́wọ́, wọ́n ń fi wé ilé ìwé, ìdídò àti oko. Ní Kravica, ilé ìkẹ́rùsí àwọn àgbẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje, wọ́n há ọ̀pọ̀ ọkùnrin mọ́ inú rẹ̀, wọ́n yìnbọn wọlé, wọ́n ju gírínéèdì wọlé. Ara ògiri kún fún ojú ihò ọta. Ohun tí wọ́n fi òwú nù lára ògiri náà, àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú irun àti ìdọ̀tí ohun abúgbàù.

Ẹ̀rí mìíràn wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sẹ́ni tó retí rẹ̀. Dražen Erdemović, sójà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Serb ti Bosnia, jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ ní 1996 pé òun wà lára àwọn tó yìnbọn ní oko ológun Branjevo ní ọjọ́ 16 oṣù keje 1995. Ó ní ó tó 1,200 èèyàn tí wọ́n pa níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ jẹ́ ní ìkẹyìn. Ó kéré lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì yé mi ìdí tó fi ń bí wọn nínú, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó gbé ẹsẹ̀ lé ìjẹ́wọ́ rẹ̀ kò níye.

Àwòrán láti ojú òfuurufú ni wọ́n fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Amẹ́ríkà ní fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè, wọ́n sì fi díẹ̀ hàn Ìgbìmọ̀ Aláàbò ní oṣù kẹjọ 1995. Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí: wọ́n máa wá fọ́tò ibì kan náà ní ọjọ́ méjì tó yàtọ̀. Tí ti àkọ́kọ́ bá fi koríko hàn, tí ti èkejì bá fi erùpẹ̀ tútù hàn, a jẹ́ pé àárín ọjọ́ méjèèjì ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ti Branjevo tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́tò ọjọ́ 17 oṣù keje fi àwọn òkú hàn lórí pápá, pẹ̀lú ipa ẹ̀rọ tó kó wọn.

Inú kòtò

Fọ́tò máa ń sọ pé agbègbè ibí ni, kì í sọ pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ibi tí o dúró ni. Àwọn tó ń wá ohun abúgbàù ló kọ́kọ́ ń wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni wọ́n ń mú ọ̀pá irin gígùn kan, tó ní ìmú lókè bíi lẹ́tà T, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wọ ilẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó yá ju imú èèyàn lọ níbi iṣẹ́ yìí. Tí òórùn bá wà, wọ́n á gbẹ́ yàrà tóóró kan kọjá ibẹ̀ láti mọ etí kòtò. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ rí kì í dà bí èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn: ó máa ń rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ máa ń dà pọ̀, ilẹ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀ á ti lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn.

Katakata lè gbé erùpẹ̀ òkè kúrò, ṣùgbọ́n gbàrà tí aṣọ tàbí egungun àkọ́kọ́ bá ti yọ, ó gbọ́dọ̀ dúró. Láti ibẹ̀ lọ, kọ́ńgò bíríkìlà kékeré, búrọ́ọ̀ṣì àti ọwọ́ ló kù. Òkú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ̀yà ara tó dá wà náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, kódà kó jẹ́ apá tó sùn ti òkú tí kò ní apá. Ibí ni àwọn tí kò mọṣẹ́ ti máa ń ba nǹkan jẹ́. Wọ́n á rí apá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara kan, wọ́n á kó méjèèjì sínú àpò kan, àánú ló ń ṣe wọ́n. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àyẹ̀wò á fi hàn pé ọkùnrin méjì ló wà nínú sàárè ẹni kan, ìdílé kejì á sì ti parí ẹkún lórí sàárè tí kò pé.

Wọn kì í bọ́ aṣọ lára òkú nínú kòtò. Wọn kì í tú okùn ọwọ́. Fọ́tò ni wọ́n á kọ́kọ́ yà, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ọfà tó ń tọ́ka sí àríwá, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ ìwọ̀n kọ ibi tó wà àti bó ṣe jìn tó. Ìdí ni pé okùn tó wà lọ́wọ́ òkú jẹ́ ẹ̀rí ìpànìyàn, ṣùgbọ́n okùn tí wọ́n tú sínú àpò, okùn lásán ni. Nínú àwọn kòtò Srebrenica tí ilé ẹjọ́ gbé yẹ̀ wò nígbà ẹjọ́ Radislav Krstić, ọ̀gágun kan lábẹ́ Mladić, aṣọ ìdìjú 448 ni wọ́n rí ní ibi 10, wọ́n sì rí okùn, wáyà àti aṣọ ìdèwọ́ 423 ní ibi 13. Ní àfonífojì Cerska, òkú 150 ló wà nínú kòtò kan ṣoṣo, wáyà ni wọ́n sì fi de ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn sẹ́yìn. Wọ́n tún rí àwọn tó jẹ́ abirùn gidi, tí kò lè jagun bó ti wù kó rí. Èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀: kò sẹ́ni tó ń jagun pẹ̀lú aṣọ lójú àti wáyà lọ́wọ́.

Aago ọwọ́ náà sọ̀rọ̀. Àwọn kan lára wọn wọ Seiko, irú èyí tí kì í lo bátìrì, tó jẹ́ pé mímì tí ọwọ́ ń mì ló ń mú un ṣiṣẹ́, tó sì ń fi ọjọ́ hàn lójú. Tí ọwọ́ kò bá mì mọ́, yóò ṣiṣẹ́ fún bí ọjọ́ kan sí méjì sí i, yóò wá dúró. Olùwádìí á ka ọjọ́ tó wà lójú rẹ̀, á yọ ọjọ́ kan tàbí méjì kúrò, á sì fi wé ọjọ́ tí ẹlẹ́rìí sọ. Ẹ̀rí tó lè dá dúró kọ́ o. Aago lè ti kú kí wọ́n tó mú ẹni tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tí aago mélòó kan láti kòtò kan náà bá ń tọ́ka sí ọjọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Sísin lẹ́ẹ̀kejì

Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù ni pé báwo ni egungun ẹni kan ṣe lè wà nínú kòtò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n jìnnà síra wọn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ìdí rẹ̀ ni pé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá 1995, nígbà tí ayé ti ń sọ̀rọ̀ nípa fọ́tò wọ̀nyẹn, àwọn ọmọ ogun Serb ti Bosnia padà sí àwọn kòtò àkọ́kọ́ lóru. Wọ́n fi katakata kó òkú tó ti ń jẹrà, wọ́n dà wọ́n sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì lọ dà wọ́n sí àwọn kòtò kéékèèké nínú igbó àti lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹnu katakata kò mọ ara mú. Ó gé òkú sí méjì sí mẹ́ta, ìdajì bọ́ sínú ọkọ̀ kìíní, ìdajì bọ́ sí èkejì, ìyókù kù sínú kòtò àtijọ́.

Wọ́n rò pé àwọn ti pa ẹ̀rí rẹ́. Èrò tèmi ni pé kò sí ohun tí wọ́n ṣe tó kó bá wọn tó èyí. Ẹni tó bá ní ìjà ogun ló pa wọ́n, kí ló dé tó fi ń wú òkú ogun lóru? Ọkọ̀ akẹ́rù, katakata àti epo kò sì sí lọ́wọ́ ará abúlé. Ìwé àṣẹ kan láti orílé-iṣẹ́ ọmọ ogun náà, ní oṣù kẹsàn-án 1995, ní kí wọ́n pèsè epo dísẹ́ẹ̀lì tọ́ọ̀nù márùn-ún. Momir Nikolić, ọ̀gá sójà kan láti Bratunac, gbà ní 2003 pé òun jẹ̀bi, ó sì ṣàlàyé bí òun ṣe bójú tó kíkó òkú kúrò ní Glogova lọ sí Zeleni Jadar.

Báwo wá ni wọ́n ṣe so kòtò kejì mọ́ ti àkọ́kọ́ kí àyẹ̀wò DNA, ìyẹn àmì inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, tó dé? Pẹ̀lú ìdọ̀tí ni. Ní Kozluk, ibi tí wọ́n ti pa àwọn èèyàn jẹ́ ibi tí ilé-iṣẹ́ tó ń rọ omi sínú ìgò ń da àfọ́kù ìgò sí. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kòtò kan lójú ọ̀nà Čančari, àfọ́kù ìgò aláwọ̀ ewé àti bébà ara ìgò kan náà ló wà láàárín egungun, ní ibi tí kò sí ilé-iṣẹ́ ìgò kankan nítòsí. Àfọ́kù kọnkéré àti ògiri Kravica ni wọ́n rí ní Zeleni Jadar. Aṣọ ìdìjú tí wọ́n gé lára aṣọ kan náà wà ní Orahovac, ó sì wà ní ọ̀nà Hodžići. Wọ́n kó erùpẹ̀ àti àtíkè òdòdó inú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ojú ibi tí pínì ìbọn ti gbá ìkarahun ọta náà, wọ́n wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi, nítorí ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní àpá tirẹ̀. Ìdí nìyí tí olùwádìí kì í fi í da erùpẹ̀ kòtò nù títí wọ́n á fi sẹ́ ẹ.

Iye òkú náà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Níbi tí egungun ti dà rú, wọn kì í ka orí nìkan, torí orí máa ń fọ́. Wọ́n á yan egungun kan tó nípọn, bíi ti itan ọ̀tún, wọ́n á ka iye rẹ̀. Tí itan ọ̀tún bá jẹ́ 300, èèyàn kò lè dín ní 300 níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹnìkan bá ka itan ní kòtò kan, tó ka egungun mìíràn ní kòtò mìíràn, tó wá rò wọ́n pọ̀, ìṣirò náà ti bàjẹ́, nítorí itan ẹnìkan lè wà níhìn-ín kí ìyókù rẹ̀ wà lọ́hùn-ún.

Ohun tí DNA lè sọ, àti èyí tí kò lè sọ

Kí ó tó di 2001, aṣọ àti ẹrù inú àpò ni wọ́n fi ń mọ òkú. Ó máa ń tan èèyàn jẹ. Lásìkò tí wọ́n dó ti Srebrenica, aṣọ ìrànwọ́ ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀, irú kan náà lọ bẹẹrẹ, tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì ń wọ aṣọ ara wọn. Àjọ ICMP, àjọ àgbáyé tó ń wá àwọn tó sọnù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996 níbi ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ní Lyon, ló yí i padà. Dípò kí wọ́n máa mú orúkọ wá egungun, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo ìdílé tó ń wá èèyàn, wọ́n yọ DNA inú gbogbo egungun, wọ́n sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi wọ́n wéra. Oṣù kọkànlá 2001 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ẹni tó bára mu, ọmọ ọdún 15 kan láti Srebrenica.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti ẹnu ìka, tí wọ́n kán sórí páálí kékeré, ti tó. Ti bàbá àti ìyá ló dára jù, tàbí ti àwọn ọmọ. Ibí ni àṣìlóye pọ̀ sí: ẹ̀jẹ̀ ìyàwó nìkan kò lè fi ọkọ hàn, torí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tan. Ó máa wúlò tí ti ọmọ wọn bá wà pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ ìyá, kí wọ́n yọ ọ́, kí ti bàbá kù. Láti ara òkú, egungun itan àti eyín ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n á fá òde rẹ̀ kúrò, torí òde ni ìdọ̀tí àti ọwọ́ òṣìṣẹ́ wà, wọ́n á gé ìwọ̀n gíráàmù díẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Wọn kò ní kéde orúkọ àfi tí ìdánilójú bá tó 99.95 nínú ọgọ́rùn-ún.

Síbẹ̀, ó ní ibi tó ti ń há. Tí ìyá kan bá pàdánù ọmọkùnrin méjì, tí kò sì sí ọmọ tí wọ́n bí, DNA á sọ pé ọmọ ìyá yìí ni. Kò ní sọ èwo. Ọjọ́ orí ni wọ́n á fi yà wọ́n, láti ara eyín àti ìparí egungun gígùn, tàbí gíga, tàbí egungun tó ti ṣẹ́ rí. Ní àwọn ìdílé tí wọ́n pa gbogbo ọkùnrin inú wọn tí àgbàlagbà sì ti kú, egungun wà, orúkọ kò sí.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ó sún mọ́ 7,000 àwọn tí wọ́n ti mọ̀ lórúkọ. Ọdọọdún, ní ọjọ́ 11 oṣù keje, ni wọ́n ń sin àwọn tuntun ní Potočari. Ìdílé ló ń pinnu bóyá kí wọ́n sin ìwọ̀nba tó wà tàbí kí wọ́n dúró de ìyókù. Tí wọ́n bá ti sìn ín, tí egungun mìíràn tún yọ, wọ́n lè tún sàárè ṣí láti fi kún un, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi ń dúró.

Ẹ̀wẹ̀, DNA kò sọ ẹni tó pa á. Ó sọ ẹni tó kú. Dókítà tó yẹ òkú wò sọ bó ṣe kú. Ẹni tó pàṣẹ, inú ìwé ló wà.

Ìwé ọkọ̀ àti ìwé rédíò

Ní oṣù kẹta 1998, àwọn olùwádìí wọ bárékè ọmọ ogun Serb ti Bosnia ní Zvornik, wọ́n kó ìwé jáde. Kò sí ẹni tó kọ "a pa èèyàn" síbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìwé ọkọ̀: ọjọ́, orúkọ awakọ̀, ibi tó lọ, iye kìlómítà, iye epo, wákàtí tí katakata fi ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, àwọn ẹ̀rọ náà wà ní Orahovac, Petkovci àti Branjevo. Àwọn akọ̀wé ológun kò lè fún awakọ̀ ní epo láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ìbẹ̀rù kí wọ́n má fẹ̀sùn olè epo kàn wọ́n ló mú ẹ̀rí ìpànìyàn yè.

Àwọn ọmọ ogun ìjọba Bosnia náà ti ń gbọ́ ohun tí ọ̀tá ń sọ lórí rédíò, wọ́n ń fọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje, Ljubiša Beara, olórí ẹ̀ka ààbò ọmọ ogun Mladić, ń sọ fún Krstić pé "páálí" 3,500 ṣì kù tí òun ní láti pín. Ilé ẹjọ́ gbà pé èèyàn ló ń pè bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò ní ayédèrú ni ìwé náà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dáhùn rọrùn: wọ́n mú ọ̀rọ̀ inú ìwé àjákọ, wọ́n fi wé ìwé ọkọ̀ Zvornik àti fọ́tò òfuurufú, tí ẹni tó kọ ìwé àjákọ kò lè ti rí nígbà tó ń kọ ọ́.

Ohun tó máa ń da irú ẹjọ́ yìí rú jù ni ìtọ́jú ẹ̀rí. Gbogbo àpò gbọ́dọ̀ ní èdìdì, ọjọ́, àti ìfọwọ́sí ẹni tó gbà á àti ẹni tó fún un. Tí ìfọwọ́sí kan bá sọnù láàárín Kozluk sí Hague, agbẹjọ́rò á béèrè ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lóru yẹn. Inú bí àwọn ìdílé gidigidi nígbà tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti run lára aṣọ àti ẹrù àwọn òkú náà ní Hague, tí wọ́n ní ó lè kó àrùn ran òṣìṣẹ́. Lójú ilé ẹjọ́, fọ́tò rẹ̀ ti tó. Lójú ìyá, ẹrù ọmọ òun ni.

Ní ọdún 2001 wọ́n dá Krstić lẹ́bi ìpẹ̀yàrun. Ní ọdún 2004 ìdájọ́ náà di pé ó ṣèrànwọ́ fún un, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì di ọdún 35. Beara gba ẹ̀wọ̀n gbére ní 2010. Mladić, tí wọ́n mú ní 2011, gba tirẹ̀ ní 2017, ó sì fìdí múlẹ̀ ní 2021. Ilé ẹjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún Yugoslavia ti ṣíwọ́ ní ìparí 2017, ṣùgbọ́n irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí kì í pẹ́ débi tí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ òfin. Ilé ẹjọ́ Bosnia ní Sarajevo, tó ní ẹ̀ka fún ìwà ọ̀daràn ogun láti 2005, ló ń bá ti àwọn tí ipò wọn kéré lọ.

Nítorí náà, olùwádìí tó bá padà síbẹ̀ lónìí kì í fi bẹ́ẹ̀ wá ẹni tó pàṣẹ mọ́. Ó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan èèyàn tí wọn kò tíì rí, àwọn kòtò tó rọrùn láti rí sì ti tán. Àwọn tó kù wà nínú igbó níbi tí òjò ti ṣàn wọ́n lọ, tàbí nínú kòtò kékeré tí kò jáde nínú fọ́tò. Àwọn tó mọ ibẹ̀ ni awakọ̀ akẹ́rù àti awakọ̀ katakata oṣù kẹsàn-án 1995. Wọ́n ti darúgbó, ọ̀pọ̀ ń gbé nítòsí ibẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé tí àwọn bá tọ́ka sí ibì kan, ìbéèrè tó kàn ni bí àwọn ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn olùpẹ̀jọ́ lè bá irú wọn dúnàádúrà kí ìjìyà wọn dín kù, bí wọ́n ti ṣe fún Nikolić. Ẹni tó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ lọ nígbà tí ilẹ̀ bá ti yọ́ kúrò nínú yìnyín, kí koríko tó bò ó, kí ẹni náà lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀, torí ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà lóru nínú òkùnkùn kì í jọ ohun tí wọ́n rántí rárá tí wọ́n bá wò ó lórí máàpù.